Nígbà tí oògùn jẹjẹrẹ ọyàn bá ń da ara láàmú: ohun tí aláìsàn àti ará ilé rẹ̀ lè ṣe

Lọ́dọọdún, tí oṣù kẹwàá bá ti dé, ẹ máa ń gbọ́ "Octobre Rose" lórí rédíò. Wọ́n á ní kí obìnrin máa yẹ ọyàn ara rẹ̀ wò, kí ó tètè lọ sí ọsibítù tó bá rí kókó níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni, a ò sì ní dẹ́kun láti máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti lọ, tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ ńkọ́? Ó ti Kútọnu dé, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó ń bì, irun rẹ̀ ń re dànù, àwọn aládùúgbò sì ń sọ lẹ́yìn ilé pé: "Oògùn òyìnbó yìí ló fẹ́ pa á, kì í ṣe àìsàn náà." Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fi ìtọ́jú sílẹ̀ láìparí. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a kọ eléyìí.

Àjọ ìlera àgbáyé, OMS, sọ pé ní ọdún 2022, obìnrin tó tó mílíọ̀nù 2,3 ni wọ́n rí àrùn yìí lára wọn káàkiri ayé, ó sì pa bíi 670.000. Àjọ náà tún sọ pé ní àwọn ilẹ̀ olówó, nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó ní in, ó lé ní 90 tó máa ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ní Gúúsù Áfíríkà, bíi 40 ni. Kì í ṣe pé àìsàn tiwọn rọ̀ ju tiwa lọ. Wọ́n ń tètè rí i, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú náà títí dé òpin. Ẹni tó gba ìlàjì oògùn kò tíì gba oògùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìdí tí oògùn yìí fi ń le tó bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ jẹ́ apá kan ara tó ń dàgbà ní ìdàkudà, tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Oògùn tí wọ́n ń pè ní chimio máa ń wá gbogbo ohun tó ń yára dàgbà nínú ara kiri, á sì pa á. Ẹ wo oògùn apakoríko tí a ń fọ́n sóko. Tó bá bọ́ sára èso àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ìyẹn náà á rọ. Nínú ara èèyàn, gbòǹgbò irun ń yára dàgbà, awọ inú ẹnu àti ti ìfun náà bẹ́ẹ̀, mùdùnmúdùn inú egungun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí irun fi ń re, tí ẹnu fi ń dá egbò, tí inú fi ń ru, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dínkù. Kì í ṣe àmì pé oògùn náà kò bá a lára mu, kì í sì í ṣe pé ẹnìkan ń sà sí i. Ohun rere tó wà níbẹ̀ ni pé ara tó dá ṣáṣá máa ń tún ara rẹ̀ ṣe. Nítorí náà ni wọ́n fi ń fi àyè sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà, láàárín oògùn kan àti èkejì. Ẹni tó bá sún ọjọ́ síwájú fúnra rẹ̀ nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́, àìsàn náà ló fún láyè láti mí.

Nínú gbogbo ohun tí a ó sọ, tí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo rẹ̀, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ara gbígbóná. Ní agbègbè wa, tí ara bá ti gbóná, palu la máa ń rò. A ó ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, tàbí kí a se ewé, a ó sì máa wò ó di ọ̀la. Fún obìnrin tó ń gba chimio, àṣà yìí lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Inú ẹ̀jẹ̀ wa ni àwọn sójà tó ń bá kòkòrò àrùn jà wà. Láti nǹkan bí ọjọ́ keje sí ọjọ́ kẹrìnlá lẹ́yìn tí wọ́n bá fa oògùn sí i lára, àwọn sójà yìí máa ń dínkù gan-an. Egbò kékeré, ikọ́, oúnjẹ tó ti fẹ́ẹ́ bàjẹ́, èyíkéyìí nínú wọn lè wọlé sí i lára, kò sì ní sí ẹni tó máa lé e jáde. Nígbà míì, ara gbígbóná nìkan ni àmì tó máa hàn.

Ẹ ra thermomètre kan ní pharmacie, kó wà nínú ilé. Tó bá kọ 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàjáwìrì ni. Bí òru ni o, bí ọjọ́ ọjà ni o, bí òjò ń rọ̀ ni o, ẹ gbéra. Tí kò bá sí thermomètre, tí òtútù sì ń mú un tó ń gbọ̀n rìrì, ẹ gbéra bákan náà. Ẹ má fún un ní paracétamol kí ẹ tó pe dókítà, nítorí pé á jẹ́ kí ara tutù, àrùn á sì wà nínú tí ń ba nǹkan jẹ́ lọ. Tí ẹ bá dé centre de santé, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ ni pé ó ń gba chimio, kí ẹ sì dá ọjọ́ tó gbà á kẹ́yìn. Tí nọ́ọ̀sì kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ sọ ọ́ ní Faransé: "Elle est sous chimio." Wọ́n á fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá palu ni, ó dára. Ṣùgbọ́n ká ní palu wà níbẹ̀ pàápàá, kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan míì. Ẹ béèrè nípa NFS, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń ka iye sójà tó kù nínú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n pe àwọn dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Tí wọ́n bá ní kí ẹ máa gbé e lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu, ẹ lọ.

Láti dènà rẹ̀: kí ó máa sùn sínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lálaalẹ́, kí gbogbo ilé máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí oúnjẹ rẹ̀ jiná kó sì gbóná, kí ẹni tó ń wúkọ́ má jókòó tì í. Ọ̀rọ̀ àwọn àlejò ni kò rọrùn. Wọ́n á ní àwọn wá kí i, ogún èèyàn á jókòó sínú yàrá kan. A mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ẹ kí i láti ẹnu ọ̀nà, ẹ fi ọsàn tàbí ẹyin tí ẹ mú wá sílẹ̀, kí ẹ máa lọ. Kò ní bínú.

Ti èébì ńkọ́? Dókítà máa ń kọ oògùn rẹ̀ mọ́ ìwé, bíi métoclopramide tàbí ondansétron. Ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń tọ́jú oògùn yìí pamọ́, tó bá di pé wọ́n ń bì ni wọ́n tó máa lò ó. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí èébì tó dé ni ẹ máa lò ó, ní wákàtí tí wọ́n kọ sílẹ̀, nítorí ẹni tó ti ń bì á tún bi oògùn náà dànù. Kí ó máa jẹun díẹ̀díẹ̀, ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà lójúmọ́, dípò kó dúró de àwo ńlá kan. Oúnjẹ tútù ló sábà máa ń rọrùn jù, nítorí kì í rùn sókè: àkàsà, ẹ̀kọ tútù, búrẹ́dì gbígbẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Atalẹ̀ díẹ̀ nínú omi gbígbóná ń ran ẹlòmíì lọ́wọ́. Òórùn epo ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ní ilẹ̀ wa níbi tí epo pupa ti ń hó lágbàlá, tí ìyálé ń din àkàrà níbí, tí àna ń din ẹja lọ́hùn-ún, kí wọ́n bá a gbé ìdáná jìnnà sí fèrèsé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Tó bá ń bì fún odidi ọjọ́ kan tí omi pàápàá kò dúró, tí ìtọ̀ rẹ̀ dínkù tó sì pọ́n bíi tíì, ẹ gbé e lọ.

Àwọn kan á ní kó má jẹ ẹyin, kó má jẹ ẹran, kó má fẹnu kan ohun dídùn, pé jẹjẹrẹ ni yóò jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́ o, ẹ fi aláìsàn sílẹ̀ kó jẹun. Ẹni tó bá rù jù, dókítà lè sún oògùn rẹ̀ síwájú. Ẹ̀wà, ẹyin tó jiná dáadáa, ẹja, wàràgàsì, ẹ̀pà, ohun tí ara fi ń kọ́ ara rẹ̀ nìyẹn.

Oògùn pupa kan wà nínú chimio ọyàn, doxorubicine. Pupa rẹ̀ kò fara sin, bíi omi bisáàpù ló rí nínú perfusion. Fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀, ìtọ̀ obìnrin náà lè pupa. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ nìyẹn, àwọ̀ oògùn ló ń jáde. Tó bá kọjá ọjọ́ méjì, tàbí tó ń dun ún tó bá ń tọ̀, ìyẹn ni kí ẹ sọ fún dókítà. Láàárín wákàtí 48 náà, kí ẹni tó ń da ìtọ̀ tàbí èébì rẹ̀ nù wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì fọ aṣọ tó bá yí lọ́tọ̀, nítorí oògùn ṣì wà nínú rẹ̀. Àìsàn náà kì í ràn o. Ẹ lè bá a jẹun nínú àwo kan, ó lè gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ọkọ rẹ̀ lè sùn tì í.

Fún egbò ẹnu, ẹ se omi lítà kan, ẹ fi ṣíbí tíì kan iyọ̀ àti ṣíbí tíì kan bicarbonate sínú rẹ̀, kí ó tutù. Kó máa fi yọ ẹnu, kó sì tu ú dànù, ìgbà mẹ́rin lójúmọ́ ó kéré tán. Kó fi ata àti sodabi sílẹ̀ ná. Kó fi pákò sílẹ̀ pẹ̀lú, torí ó ń họ èrìgì, kó lo búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀.

Irun máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í re ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta. Nínú gbogbo wàhálà wọ̀nyí, òun ni kì í pa èèyàn, òun ló sì ń fa ẹkún jù. A mọ ìdí rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin tó fá orí, opó la máa ń rò pé ó jẹ́. Ọkọ rẹ̀ wà láàyè, ó jókòó síwájú ilé, aráyé sì ń wo orí ìyàwó rẹ̀. Ohun tó dáa ni kó gé e kúrú fúnra rẹ̀ kó tó máa já bọ́ sórí ìrọ̀rí, kó sì ti sọ fún àwọn ọmọ ṣáájú kí ẹ̀rù má bà wọ́n. Gèlè kúkú wà, kò sẹ́ni tó máa béèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí chimio bá parí, láàárín oṣù kan sí mẹ́ta, irun á tún bẹ̀rẹ̀ sí í hù.

Àwọn oògùn kan bíi paclitaxel àti docétaxel máa ń mú ọmọ ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀. Á dà bíi pé wọ́n ti kú, tàbí kó máa ta wọ́n bí abẹ́rẹ́. Obìnrin tó ń fi ọwọ́ lásán gbé ìkòkò kúrò lórí iná láti kékeré lè jó láìmọ̀. Kó máa wọ bàtà, inú ilé pẹ̀lú, kó máa fi ìgúnpá dán omi gbígbóná wò. Kó sọ fún dókítà kó tó gba oògùn tó kàn, torí dókítà lè dín in kù. Ọ̀pọ̀ máa ń dákẹ́, wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní kí àwọn má wá mọ́. Ìdákẹ́ yẹn lè sọ ohun tó yẹ kó lọ di ohun tó ń bá èèyàn gbé.

Ọ̀rọ̀ apá la máa dúró lé lórí díẹ̀ sí i, torí iṣẹ́ wa ni. Tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ ọyàn, wọ́n sábà máa ń yọ àwọn kókó kan ní abíyá. Àwọn kókó yìí ló ń bá ara darí omi. Tí wọn kò bá sí mọ́, omi lè kó jọ sí apá yẹn, kó wú, kó wúwo. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọdún. Nítorí náà, kó sọ fún nọ́ọ̀sì pé apá kejì ni kí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n ti gún abẹ́rẹ́, kí wọ́n ti wọn ìfúnpá. Ẹ ò sì gbọdọ̀ sín gbẹ́rẹ́ sí apá náà. A mọ̀ pé ibi tó wú gan-an ni àwọn àgbà máa ní kí wọ́n sín in sí. Ẹ bẹ̀ wọ́n, nítorí ojú abẹ lójú wú yẹn ni ọ̀nà tí kòkòrò máa gbà wọlé. Tó bá ń lọ sóko tàbí tó ń ṣa ẹyìn, kó wọ ìbọ̀wọ́. Tí ẹ̀gún bá gún un, kó fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Tí apá bá pọ́n tó sì gbóná, ọsibítù ni.

Kò túmọ̀ sí pé kó gbé apá náà lé itan kó má fi ṣe nǹkan kan. Apá tí a kò lò á le. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n bá ṣe sọ fún un lọ́sibítù, kó máa fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀ sókè, kó máa fi ọwọ́ yẹn ya irun, kó máa sá aṣọ. Ṣùgbọ́n bidon epo lítà 25, fífa omi nínú kànga, gígún iyán, kí ẹlòmíì bá a ṣe é ní oṣù àkọ́kọ́, kí ó sì padà sí i ní kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ àti ẹ̀yin ọmọ ọkùnrin, ẹ̀yin la ń bá wí níbí.

Ẹ̀rọ iná tí wọ́n ń pè ní radiothérapie, ọ̀nà rẹ̀ jìn fún wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sí i ní Bẹ̀nẹ̀. Àwọn tí CNHU Hubert Koutoukou Maga ní Kútọnu ti tọ́jú ní láti wá a lọ sí ilẹ̀ míì. Ní oṣù kejì ọdún 2022, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó agbára átọ́míìkì, AIEA, bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti ran àwọn orílẹ̀-èdè tí ẹ̀rọ yìí wọ́n lọ́dọ̀ wọn lọ́wọ́, Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára méje àkọ́kọ́. Ní Èkó, ibùdó jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ti ṣí ní Ìdí-Àràbà láti ọdún 2019. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín ibi tó dára jù fún yín. Ohun tí ẹ máa mọ̀ ṣáájú ni pé ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún, nítorí náà owó ibùgbé ṣe pàtàkì bí owó ìtọ́jú. Awọ ibẹ̀ á dúdú, ó lè bó bíi ti ẹni tí oòrùn pa. Kó má fi kànìnkànìn họ ọ́, kó má fi robb, káfúrà, pọ́dà tàbí ìpara abóra pa á. Omi, ọṣẹ jẹ́jẹ́, aṣọ òwú tó ṣò, ó tó. Àmì tí wọ́n fi sí i lára, kó má fọ̀ ọ́ dànù.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, dókítà lè fún un ní tamoxifène, hóró kan lójoojúmọ́, fún ọdún márùn-ún, fún ẹlòmíì ọdún mẹ́wàá. Níbí ni àwọn tó ti fara da chimio máa ń já sílẹ̀, torí pé ara wọn ti yá, wọn ò rí ìdí tí wọ́n á tún fi máa ra oògùn. Oògùn yìí ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí àìsàn má padà. Ooru á máa dédé mú un, á làágùn lóru. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, abẹ̀bẹ̀, kí ata ọbẹ̀ alẹ́ dínkù, ó ń ràn án lọ́wọ́. Tí ẹsẹ̀ kan bá wú tó ń dun ún, tí èémí bá dédé ń há a, tàbí tí ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró bá tún rí ẹ̀jẹ̀, kó tètè lọ. Kò gbọdọ̀ lóyún lórí rẹ̀. Pé kò rí nǹkan oṣù kò túmọ̀ sí pé oyún kò lè dúró, nítorí náà kó béèrè ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí kò ní homoni nínú, bíi kọ́ńdọ̀mù tàbí stérilet onídẹ. Pharmacie nìkan ni kẹ́ ẹ ti rà á. Ẹ rántí oògùn ayédèrú ọjà Adjégounlè ní Kútọnu, tí ìjọba kó ọlọ́pàá wọ̀ ní 2017.

Àgbo ńkọ́? A ò bú àwọn oníṣègùn wa. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tó ń ṣiṣẹ́ lórí chimio náà ló máa ṣiṣẹ́ lórí àgbo. Tí a bá kó iṣẹ́ méjì lé wọn lórí, wọ́n lè dá dúró. Ẹ sọ fún dókítà ohun tí ẹ ń lò, ẹ dárúkọ ewé náà. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn tó gbọ́n pàápàá á gbà láti dúró títí chimio á fi parí.

Àárẹ̀ á wà, àárẹ̀ tí oorun kì í tán. Ọ̀lẹ kọ́. Kó máa rìn díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó sàn ju kó sùn látàárọ̀ dalẹ́. Ọ̀rọ̀ lọ́kọláya náà á yí padà, ara á gbẹ, ìtìjú àpá á wà. Ẹ fún un lákòókò, ẹ má sì lọ sọ ọ́ níta.

Ní Nàìjíríà, Betty Anyanwu-Akérédolú, tí ọkọ rẹ̀ padà di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní àìsàn yìí ní ọdún 1997. Ó gba ìtọ́jú, ó sì dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ kí àwọn tó ti là á já lè máa ran àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Ní abúlé, èèyàn mẹ́ta tó láti ṣe irú rẹ̀. Kí ẹnìkan máa ka ọjọ́ láti ìgbà tó gba oògùn, kó máa wo thermomètre láàárọ̀ àti lálẹ́. Kí ẹnìkejì máa dáná. Kí ẹnìkẹta ti bá onízem kan sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ògiri pẹ̀lú ti ọsibítù, kí wọ́n sì ti fi owó ìrìnàjò òru kan pamọ́ sínú ìwé carnet aláìsàn, owó tí ẹnikẹ́ni kò ní fi ra ọbẹ̀.